Bàbá Tó Mọ Igbó Inú Òkun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí Bàbá àgbà mi, ilé kéwú tí wọ́n lọ, àti iye ọdún tí wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì ní London, kó lọ bi Daddy mi. Daddy lọmọ wọn, Daddy ló ni ìyẹn. Èmi Ràfíátù, tí Bàbá ń pè ní Àbẹ̀kẹ́, ohun tí mo mọ̀ jù lára wọn ni ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ìka yẹn ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ òkun. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa rò ó pé mo ti ń bùmọ́ ọn. Kó ní sùúrù fún mi.

Thamesmead là ń gbé, èmi, Daddy, Mummy àti Bàbá, nínú ilé kan tó kọjú sí adágún. Àwọn ọkùnrin kan máa ń jókòó sétí adágún náà pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ àti àga tó ń ká. Bí èmi àti Bàbá bá ń kọjá, Bàbá á kí wọn dáadáa, Bàbá á wá yíjú sí mi, wọ́n á ní, "Omi ìfọwọ́ nìyí, Àbẹ̀kẹ́." Omi tí Bàbá kà sí omi wà ní etíkun Kent, lábẹ́ òkè ẹfun, níbi tí àpáta ti wọ inú òkun lọ tí koríko gígùn sì hù lé e lórí. Kẹ́lípù làwọn òyìnbó ń pè é. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bíi bẹ́líìtì, ó ń yọ̀ bí ilá, òmíràn nínú rẹ̀ sì ga ju ènìyàn lọ. Bí òkun bá kún, ẹ ò ní rí i rárá. Bí òkun bá fà, ẹ ó rí orí rẹ̀ tó ń mì lójú omi. Igbó inú òkun ni Bàbá ń pè é, inú igbó yẹn sì ni ẹja ń gbé.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí Bàbá, létí ọ̀sà. Koríko omi tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ ni ojú-oró àti òṣíbàtà tó ń léfòó. Oòrùn a máa lé ẹja sábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó mọṣẹ́ á sọ ìwọ̀ sí etí koríko, á sì jẹ́ kó rì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí Bàbá ṣe gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé Kent. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Bàbá rí ewé lójú omi, inú wọn dùn, wọ́n ní ojú-oró àwọn òyìnbó rèé. Wọ́n jẹ́ kí ìwọ̀ rì. Wọn ò mọ̀ pé kẹ́lípù kì í léfòó, pé àpáta ló dì mú nísàlẹ̀, pé ńṣe ló dúró gbọnyin láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìwọ̀ mọ́kànlá ni igbó gbà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbà fún Ọlọ́run. Àwọn fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn: "Mo gbé ọgbọ́n ọ̀sà wá bá òkun. Òkun ní kí n rọra gbé e padà."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, tí wọ́n ń kọ́ ọ, títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ju àwọn tí wọ́n bí sétí rẹ̀ lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì. Òjé làwọn èèyàn ń so mọ́ okùn kí ìwọ̀ lè rì. Bàbá ní òjé ti dára jù fún ohun tí igbó máa jẹ. Wọ́n lọ bá mẹkáníìkì kan tí wọ́n mọ̀ ní Woolwich, ó ń kó pọ́lọ́ọ̀gì ọkọ̀ tó ti kú fún wọn sínú ọ̀rá. Okùn líle ni Bàbá fi ń so ìwọ̀, ṣùgbọ́n okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yá láti já ni wọ́n fi ń so pọ́lọ́ọ̀gì mọ́ ọn. Bí pọ́lọ́ọ̀gì bá há sínú igbó, ìyẹn nìkan ló máa já. Ìwọ̀ àti ẹja á bá yín wálé. Lọ́jọ́ Sátidé tí a bá ń gba Beresford Square kọjá lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, pọ́lọ́ọ̀gì á máa ró wọ̀ngànwọ̀ngàn nínú báàgì wọn láàárín àwọn tó ń ta aṣọ àti èso, ojú á sì máa tì mí. Mo ní kí wọ́n ra òjé bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Bàbá ní, "Jẹ́ kí ohun tí ò ní láárí já, kí ohun tó ní láárí lè délé."

Òyìnbó kan wà tó ń wá sórí àpáta kan náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fìlà ni Bàbá ń pè é, torí pé fìlà rẹ̀ ò kúrò lórí nínú òjò nínú oòrùn. Ọ̀pá rẹ̀ wọ́n, ríìlì tó fi ń ká okùn ń dán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí pọ́lọ́ọ̀gì Bàbá, ó bi wọ́n bóyá mọ́tò ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Mo fẹ́ fèsì fún un, torí ẹnu mi kì í pẹ́ gbóná, Bàbá fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òjé mẹ́fà ló ti há mọ́ Ọ̀gbẹ́ni Fìlà lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwọ̀ wọn. Bàbá ti gbé ẹja mẹ́rin. Mo rò pé Bàbá á ṣẹ̀sín. Ńṣe ni wọ́n dìde, wọ́n kó pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́ta fún un, wọ́n sì jókòó tì í, wọ́n fi bí a ṣe ń so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà hàn án. Mo bínú débi pé mi ò jẹ búrẹ́dì tí Mummy dì fún wa. Nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀ ni Bàbá tó dá mi lóhùn: "Ẹja ò mọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀pá."

Ẹja tí Bàbá fẹ́ràn jù lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtàn tirẹ̀. Ètè rẹ̀ nípọn, eyín rẹ̀ le, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ta epo pupa sára ewé. Elétè ni Bàbá sọ ọ́. Akàn ni Elétè ń jẹ, ó ń fi eyín fọ́ èèpo rẹ̀ bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà, nítorí náà akàn kékeré tí a ṣà lábẹ́ òkúta ni ìjẹ wa. Bí a ò bá rí akàn, Bàbá á lo ekòló onírọ́bà, wọ́n á sì fi ẹnu ìwọ̀ pamọ́ sínú ara rọ́bà náà kí koríko má baà gbé e. Elétè kì í sá lọ sí ibi jíjìn. Lójú ẹsẹ̀ tó bá ti gbé ìjẹ, ilé rẹ̀ ló ń lọ, ìsàlẹ̀ igbó. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fún un ní okùn tó tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ ó gbé ọ̀pá sókè, ẹ ó dì í mú, apá yín á máa gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọlé tán ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Bàbá mi kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kù lórí àpáta á máa fà, wọ́n á máa bú, okùn á já. Bàbá á tú okùn sílẹ̀. Pátápátá. Wọ́n á fi ọ̀pá lélẹ̀, wọ́n á bu tíì nínú fúláàsì, wọ́n á máa fi tẹ̀sùbáà ṣe wírìdì. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é lójú mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹja tó tóbi tó báyẹn! Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fà á. Wọn ò tilẹ̀ wò mí. Ó pẹ́ díẹ̀, okùn tó ti rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀ lójú omi. Ẹja ti rò pé kò séwu mọ́, ó ti jáde wá láti gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bàbá gbé ọ̀pá, wọ́n ní bìsìmílà, ó parí. Ẹnu mi ò padé títí a fi wọ ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ nìkan lo máa ń rò pé òwe lásán ni."

Mummy ò gba gbogbo èyí. Wákàtí méjì ni à ń wọ ọkọ̀ lọ, wákàtí méjì là ń wọ̀ ọ́ bọ̀, Bàbá sì máa ń dá Elétè tó bá tóbi padà sómi. Wọ́n ní ó ti dàgbà, ó ń gbé ilé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹni tó bá pa á ti pa baálé. Èyí tó mọ níwọ̀n nìkan la máa ń gbé délé. Lọ́jọ́ kan tí a ò gbé ẹyọ kan dé, Mummy ti gbé omi ata kaná. Wọ́n wo báàgì, wọ́n wo Bàbá. "Bàbá, ṣé ẹ lọ kí ẹja ni?" Bàbá yọ fìlà, wọ́n jókòó sídìí tábìlì. "Mo kí i. Ó ní kí n kí ẹ." Mummy rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé láti bínú, ẹja inú agolo la sì jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ojú ń dun Bàbá. Ìfúnpá inú ẹyinjú ni, ó sì ń jí ìríran wọn lọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọn ò rí léfòó, ohun kékeré orí okùn tó máa ń rì bí ẹja bá gbé ìjẹ, lójú omi mọ́. Daddy rò pé ìyẹn ló máa fòpin sí i. Bàbá yọ léfòó dànù, wọ́n gbé okùn lé orí ìka ìfábẹ̀lá, wọ́n dijú. "Koríko nìyẹn," wọ́n á ní. "Ó ń rá, kì í ta." Tàbí, "Àpáta." Tàbí, "Akàn ló ń jẹ ìjẹ wa, fà á kí o wò ó." Mo fà á, akàn ni. Mo dán wọn wò lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé alágídí ni mí, mo sì fẹ́ ká wọn mọ́ ibì kan. Mi ò ká wọn mọ́ rí. Ẹ̀rù wọn ń bà mí bí ó ti ń dùn mọ́ mi. Bàbá yìí kan náà ni kì í rí ife tíì lórí tábìlì.

Daddy ń bẹ̀rù omi. Ọ̀sà ló gbé ọ̀rẹ́ wọn kan lọ ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, Daddy wà níbẹ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ojú Bàbá le, Daddy pe àwa méjèèjì jókòó sí pálọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè máa bá bàbá tó bí àwọn jà, àwọn ò sì fẹ́ gba ohun tí ọmọ àwọn fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ṣubú sómi nínú ẹ̀yin méjèèjì, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kò ní débẹ̀ mọ́ láyé. Mi ò ní gba ẹ̀bẹ̀." Bàbá ní, "A ti gbọ́, Múfú." Èmi náà ní mo ti gbọ́. Lórí àdéhùn yẹn la fi ń lọ, mo sì mọ ohun tí Bàbá máa pàdánù bí ó bá yẹ̀. Wọn ò ní ohun mìíràn tó kù tí ojú ò ì tíì gbà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò ka ìwé mọ́, wọn ò wa ọkọ̀ mọ́.

Ó wá di ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Orí àpáta tí koríko bò, kò sí bàtà tó gbà á, àfi kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ lé orí bàtà yín. Irun ìbọ̀sẹ̀ ló máa ń di koríko mú. Bàbá ló kọ́ mi, gbogbo ìgbà la sì ń ṣe é. Lọ́jọ́ náà, bàtà funfun tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ mi, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi kan sì ń ya fọ́tò lábẹ́ òkè ẹfun. Mi ò wọ ìbọ̀sẹ̀. Bàbá bi mí pé ṣé mo ti wọ̀ ọ́. Mo ní mo ti wọ̀ ọ́. Ojú tí ò ríran ni mo purọ́ fún, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Elétè ńlá kan ti gbé ìjẹ Bàbá. Mo sáré lọ sí etí àpáta láti fi àwọ̀n gbé e, mo yọ̀. Omi tútù náà gba èémí mi. Kẹ́lípù wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì, mo ń tapá, mo ń ta ẹsẹ̀, ó túbọ̀ ń wé. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá Bàbá lórí òkúta. Wọ́n ti jù ú sílẹ̀ pẹ̀lú ẹja lẹ́nu ìwọ̀, òkun sì fà á lọ, ọ̀pá tí wọ́n ti ń lò kí wọ́n tó bí mi. Mo wá gbọ́ ohùn wọn, kò tilẹ̀ ga. "Àbẹ̀kẹ́, dá ẹsẹ̀ dúró. Má jà á. Máa pè mí kí n mọ ibi tí o wà." Mo dá ẹsẹ̀ dúró. Mo ń pe Bàbá, Bàbá, Bàbá. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wá ìpele òkúta kan tí wọ́n mọ̀ lábẹ́ omi, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ títí omi fi mù wọ́n dé àyà, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì nawọ́ sí ibi tí ohùn mi ti ń wá. Koríko náà ti ń tú lẹ́sẹ̀ mi fúnra rẹ̀. Ọwọ́ wọn bá èjìká mi. Wọ́n fà mí gòkè bí ẹni fa báàgì.

Àwa méjèèjì gbọ̀n dé Thamesmead. Daddy ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wo aṣọ wa, ojú wọn pọ́n. "Ta ló ṣubú?"

Mo la ẹnu. Bàbá ti sọ̀rọ̀. "Èmi ni, Múfú. Ọmọ rẹ ló wọ omi lọ fà mí jáde."

Daddy gbá mi mọ́ra. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, omi ń bọ́ lójú wọn, mo sì rí Bàbá lẹ́yìn wọn tó ń mi orí sí mi pé kí n dákẹ́. Mo dákẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe.

Nígbà tí Daddy ti wọlé lọ tán, mo lọ bá Bàbá ní yàrá wọn, mo ní mo máa sọ òótọ́. Mo bínú sí wọn gan-an, bí ẹni pé àwọn ló ṣẹ̀ mí. Bàbá ń nu ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ náà ṣì wà láyé. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ìwọ, ó tán nìyẹn. Lọ sùn."

Bàbá ò dé etíkun mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Fìlà ni Daddy gbà kí n máa tẹ̀ lé. Bí mo bá ti dé, Bàbá ti jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n ń retí mi. Omi ń ṣàn sápá ibo? Igbó ti ga tó ibo? Wọ́n á wá ní kí n mú okùn wá. Èmi á mú orí kan lọ sí kíṣìnì, Bàbá á gbé orí kejì lé ìka ìfábẹ̀lá ní pálọ̀, èmi á sì fa okùn náà gẹ́gẹ́ bí ẹja ṣe fà á lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì kékeré, dídúró díẹ̀, ìfà kan tó wúwo. Ohùn wọn á wá láti pálọ̀: "Elétè ni. Ó kéré. O yára jù." Òótọ́ ni, mo yára jù, ẹja náà lọ. Mummy á ní kí n kúrò lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì àwọn. Ọdún mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n kírun àsùbáà tán, Bàbá dùbúlẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́. Ọlọ́run ló ni wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ilé wa kún. Lẹ́yìn àdúrà, àfáà kan tó mọ Bàbá ní òun fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ ọmọ-ọmọ olóògbé, ọmọ tó fa bàbá bàbá rẹ̀ yọ nínú òkun. Wọ́n ní kí n dìde. Àwọn ìyá fọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ní èyí tí mo ṣe fún arúgbó, àwọn ọmọ mi á ṣe é fún mi. Mo ṣe àmín àkọ́kọ́. Mo ṣe ìkejì. Ìkẹta ò jáde. Mo kọjá láàárín wọn, mo wọ kíṣìnì, Daddy sì tẹ̀ lé mi torí wọ́n rò pé ẹkún ni mo ń lọ sun. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, bàtà funfun, ìbọ̀sẹ̀, irọ́ tí mo pa fún ojú Bàbá, ọ̀pá tó bá òkun lọ.

Daddy ò pariwo. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí," Daddy ní, "Bàbá bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sétí òkun. Wọ́n ní àwọn ò ní mú ìwọ̀ dání, pé kí àwọn ṣáà jókòó kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́ sí àwọn lára. Mo ní, 'Bàbá, ṣé ẹ ti gbàgbé pé ẹ ṣubú ni?'"

Mo bi Daddy pé kí ni Bàbá wá wí.

"Wọ́n ní, 'Òótọ́ ni, mo ṣubú. Má bínú, Múfú.'"

Daddy gbé orí lé tábìlì. Mo dúró tì wọ́n, mi ò mọ ibi tí mo lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Bàbá, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí gbogbo àwọn tó fọwọ́ lé mi lórí lọ́jọ́ náà lè kà á. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣubú. Èmi ni.